Ohun Tó Ń Ta Lẹ́nu Kọ́ Ló Ń Mú Ara Gbóná Nígbà Gbogbo

Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wo oúnjẹ. Èkíní ni bó ṣe rí lẹ́nu: ó lè kan, ó lè korò, ó lè dùn, ó lè ta, ó sì lè ní iyọ̀. Èkejì ni ohun tó ń ṣe lára lẹ́yìn tí a bá gbé e mì: òmíràn ń mú ara gbóná, òmíràn ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn kan ń tù ú, àwọn kan ń mú un tutù gan-an, àwọn kan kò sì fì síbì kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Bí nǹkan bá ti ta wọ́n lẹ́nu, wọ́n á ní ó ń mú ara gbóná nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé mint ń ta, síbẹ̀ ohun tútù ni wọ́n kà á sí. Radish funfun tí a kò tíì sè náà ń ta, ó sì ń tuni lára. Atalẹ̀, aáyù àti àlùbọ́sà eléwé ń ta, àmọ́ àwọn yìí ń mú ara gbóná ní tiwọn. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n ń tú ohun tó dì ká: wọ́n ń mú òógùn jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí qi, agbára tí wọ́n gbà pé ó ń rìn kiri inú ara, dúró sójú kan.

Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù ni kí ọ̀fìnkìn dé, kí èèyàn sáré gbé atalẹ̀ kaná láìwo irú ọ̀fìnkìn tó jẹ́. Oríṣi kan wà tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ òtútù ló fà á: ara ń gbọ̀n ju bó ṣe ń gbóná lọ, òógùn kò jáde, ikun imú ń ṣàn bí omi, èérí orí ahọ́n sì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Atalẹ̀ tútù àti ìdí funfun àlùbọ́sà eléwé ló wà fún èyí. Ti afẹ́fẹ́ ooru yàtọ̀. Ara á gbóná, ọ̀nà ọ̀fun á máa dunni, òǹgbẹ á máa gbẹni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá da omi atalẹ̀ sí èyí, epo ló ń dà síná. Ewé mint àti òdòdó juhua ni wọ́n ń lò fún un, àwọn méjèèjì sì wà nínú sangju yin, oògùn tí Wu Jutong, oníṣègùn ará Ṣáínà, kọ sílẹ̀ ní 1798.

Ẹ má sì se ewé mint pẹ́ bí àgbo. Òórùn rẹ̀ lẹ́ni ń wá, òórùn yẹn sì máa ń bá oru omi lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù hó dáadáa, kí ẹ tó jù ú sí i ní bí ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, kí ẹ sì dé ìkòkò. Bí ẹ bá mu ún ní gbígbóná, ìwà tútù rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí òógùn bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe ń jáde tó. Zhang Zhongjing, oníṣègùn ará Ṣáínà ayé àtijọ́, ti kìlọ̀ nípa èyí láti òpin ìjọba ìdílé Han. Nígbà tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo guizhi tang, àgbo kan tí ẹ̀ka igi cinnamon àti atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ní kí aláìsàn mu omi ìrẹsì gbígbóná tẹ̀lé e, kó da aṣọ bora fún nǹkan bíi wákàtí 2, kí ara rẹ̀ kàn rin díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣàn bí omi. Bí ara bá sì ti yá lẹ́yìn ife àkọ́kọ́, kí wọ́n dá ìyókù dúró.

Atalẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe àrọ́pò atalẹ̀ tútù. Èyí tó tútù ń lé òtútù jáde láti awọ ara. Gbígbẹ gbóná jù ú lọ, inú ikùn ló sì ń mú gbóná.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fífara wé àwọn ará Sichuan àti Hunan, ìpínlẹ̀ méjì ní Ṣáínà, nídìí ata. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti dé Ṣáínà, Gao Lian, òǹkọ̀wé ará Ṣáínà, sì ti mẹ́nu bà á ní 1591. Ilẹ̀ tí ọ̀rinrin pọ̀ sí ni àwọn ará Sichuan àti Hunan ń gbé, wọ́n sì gbà pé ata ń lé ọ̀rinrin náà kúrò lára. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí inú rẹ̀ sì ti gbóná, bá jẹ irú ata bẹ́ẹ̀, egbò ẹnu, irorẹ́ àti ìgbẹ́ líle ni wọ́n ní yóò tẹ̀lé e. Shanghuo ni wọ́n ń pè é.

Mahuang, ewéko oògùn kan, náà ń ta, ó sì ń mú ara gbóná, ṣùgbọ́n ẹ má mú un wọ ilé ìdáná. Èròjà ephedrine inú rẹ̀ ń mú ọkàn sáré, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ìdí sì nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fòfin de àwọn àfikún oúnjẹ tó ní in nínú ní 2004.

Bí ara ọmọ bá gbóná nílé wa, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ibà ni. Atalẹ̀ kò pa kòkòrò ibà, mint náà kò pa á. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa mu atalẹ̀ tàbí aáyù lójoojúmọ́.