Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Múra Sílẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Lọ Rìtíríìtì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọ̀rọ̀ rìtíríìtì, ìyẹn kéèyàn ya ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀ láti gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, náà ò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Kátólíìkì máa ń rò pé ìgbà tá a bá gbé báàgì sílẹ̀ ní ilé rìtíríìtì ló bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kó gbogbo ariwo ibi iṣẹ́ àti ti fóònù wọ ṣápẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ tí ariwo yẹn bá fẹ́ rọlẹ̀ lọ́kàn ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé kí kálukú máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i, torí ẹni yẹn fẹ́ràn Ọlọ́run, ó kàn jẹ́ pé kò tètè múra ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ó wà tó jẹ́ pé fádà tàbí sístà máa wàásù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tán ẹ ó lọ fi ṣàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó tún wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìwàásù, ẹnì kan ló máa tọ́ yín sọ́nà, ẹ ó máa rí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ ó sọ bí àdúrà yín ṣe lọ fún un, òun náà á wá fún yín ní ibi tẹ́ ẹ máa kà nínú Bíbélì títí dọjọ́ kejì. Èyí tó gùn jù ni ti Sáńtì Ignatius ti Loyola, fádà tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, Ignatius yìí náà ni Póòpù Pius Kọkànlá sọ di alábòójútó irú àdúrà yìí lọ́run ní 1922. Ẹni tí iṣẹ́ tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ ò jẹ́ kó lè kúrò nílé, Ignatius fúnra ẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún un pé kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ látilé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọgbọ̀n ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ Fráídè sí ọ̀sán Sọ́ńdè ti tó.

Ẹ pe ibi tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ béèrè ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n máa ń dákẹ́ nídìí oúnjẹ, ìgbà wo ni Mísà àti ìjẹ́wọ́, ṣé wọ́n máa pèsè aṣọ ibùsùn. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tàbí tí oúnjẹ kan ò bá yín lára mu, ẹ tètè sọ. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀, tàbí tí ìrònú ti ń wọ̀ yín lọ́rùn láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ sọ ìyẹn náà fún ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà kẹ́ ẹ tó wá, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó pọ̀ lè wúwo fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sóhun ìtìjú níbẹ̀. Oògùn tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ máa lò, ẹ má torí àdúrà dá a dúró. Ààwẹ̀ wákàtí kan tá a máa ń gbà ká tó gba Kòmúníọ́ọ̀nù, omi àti oògùn kì í bà á jẹ́.

Ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń lọ tọrọ. Ignatius máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fẹ́ gan-an fún Ọlọ́run. Torí náà láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jókòó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálaalẹ́, kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ ní kí Ẹ̀mí Mímọ́ là yín lójú, kẹ́ ẹ wá wo ọjọ́ yẹn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ibi tínú yín ti dùn, ibi tẹ́ ẹ ti jágbe mọ́ èèyàn, kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbé ọ̀la. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ló ń yọjú ṣáá. Ká sọ pé ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé “Olúwa, bù kún mi.” Ìyẹn dáa, àmọ́ kò tíì dé ibi tó ń dùn yín. Ní alẹ́ kẹta ẹ kọ ọ́ pé “Olúwa, ràn mí lọ́wọ́ lórí ìbínú mi.” Nígbà tó fi máa di alẹ́ karùn-ún ó ti di “Olúwa, àtìgbà tá a ti pín ogún bàbá wa ni mi ò ti lè wojú àbúrò mi, mo fẹ́ dárí jì í, mi ò sì tíì fẹ́ dárí jì í.” Ẹ̀hẹ̀n, ẹ ti ní àdúrà wàyí! Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ.

Tó bá sì jẹ́ ìjà bẹ́ẹ̀ ló wà nílẹ̀, ẹ rántí ohun tí Jésù sọ nínú Mátíù orí 5, pé kéèyàn fi ọrẹ ẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin ẹ̀ rẹ́. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó lọ, kódà kó má ju “Báwo ni, mo kàn ní kí n kí ẹ” lọ. Ìjẹ́wọ́ náà, ilé ni kẹ́ ẹ ti yẹ ọkàn yín wò, kó má jẹ́ pé orí ìlà tẹ́ ẹ ti ń dúró de fádà lẹ ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí.

Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé ẹ ń lọ, gbogbo wọn ló máa ní kẹ́ ẹ bá àwọn gbàdúrà. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà kan, ẹ gbé e fún Olúwa ní Mísà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù àsìkò yẹn jókòó ti ọ̀rọ̀ tiyín. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan o.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá ńkọ́? Ẹ má dúró dọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ tó pa á, ara ò ní gbà á. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa gbé e sí yàrá míì ní wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fún àwọn ará ilé ní nọ́ńbà ilé rìtíríìtì fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹ sọ níbi iṣẹ́ pé ẹ ò ní sí lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ sì wá aago kékeré tó lè jí yín, torí ẹni tó bá ní “áláàmù nìkan ni mo fẹ́ fi fóònù ṣe” á ti ka mẹ́sẹ́èjì mẹ́wàá kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Bíbélì oníwèé ni kẹ́ ẹ mú dání.

Ẹrù ò gbọ́dọ̀ pọ̀: Bíbélì, rósárì, ìwé àti bírò, aṣọ tó fara balẹ̀, súwẹ́tà, bàtà tí kì í pariwo. Àwọn ìwé ẹ̀mí mẹ́ta mẹ́rin tẹ́ ẹ ti ń rò pé ẹ máa ráyè kà níbẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé, ìwé kíkà náà lè di ibi téèyàn ń sá pa mọ́ sí.

Ẹ sùn dáadáa ṣáájú. Ẹ wo Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì ò wàásù fún un, oúnjẹ ló gbé fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kó sùn, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rìn dé òkè Hórébù tó gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Tóorun bá gbé yín lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má bara yín jẹ́.

Kẹ́ ẹ sì ti mọ̀ ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kó sú yín tó bá yá, kí àdúrà gbẹ, kẹ́ ẹ máa wo aago. Ìmọ̀ràn Ignatius ni pé nírú àsìkò yẹn kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún wákàtí àdúrà yín, kẹ́ ẹ má dín in kù, kẹ́ ẹ má sì yí ìpinnu tẹ́ ẹ ti ṣe nígbà tọ́kàn yín balẹ̀ padà. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà bó ṣe rí gan-an, iṣẹ́ tó bá wá nìyẹn.

Ohun tó kù ni ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Ẹ má gba ìpàdé tàbí òde kankan sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún àwọn ará ilé látìsinsìnyí pé ẹ máa nílò wákàtí bíi méjì láti ka ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yín kẹ́ ẹ tó tan fóònù.