Bí A Ṣe Ń Tọpa Àléébù Tó Ń Padà Wá Lára Bàálù

Àléébù tó ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń da ẹnjiníà bàálù láàmú jù. Awakọ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó bá balẹ̀ lóru, ẹnjiníà á yẹ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní rí nǹkan kan, á sì buwọ́ lù ú pé ọkọ̀ náà yẹ fún ìrìnàjò. Tó bá di ọ̀túnla, àléébù kan náà á tún dé, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tí yóò rí i bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, yálà ní Zaria tàbí ní òkè òkun, ni mo kọ èyí fún.

Inú ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó mú irinṣẹ́. Ẹ má ṣe ka àkọsílẹ̀ àná nìkan. Ẹ padà sẹ́yìn tó oṣù mélòó kan, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà orí inú ìwé àtúnṣe tí àléébù náà bọ́ sí wá a, nítorí pé awakọ̀ mẹ́ta lè kọ àléébù kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́ta, ṣùgbọ́n orí 27 ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìdarí ọkọ̀ máa ń bọ́ sí, orí 32 sì ni ti ẹsẹ̀ àti bíréèkì. Ẹ to àwọn ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sórí ìlà kan, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Àlàfo yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú ohun tí ìwé lè sọ fún yín: bó bá ń kúrú sí i, a jẹ́ pé gbogbo àtúnṣe tí a ti ń ṣe kò tíì kan ibi tó ń bàjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Airbus A320 ti Indonesia AirAsia, tó ń lọ láti Surabaya sí Singapore ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2014, kò yẹ kó kúrò lọ́kàn wa. Rudder ni abala ìrù tó ń yí imú ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n bó ṣe lè yí tó ti ṣàléébù nígbà 23 láàárín ọdún yẹn, àlàfo rẹ̀ sì ń kúrú bí ọdún ṣe ń parí lọ. Àwọn olùṣèwádìí Indonesia rí i pé òjé tó so àwọn nǹkan mọ́ra lórí pátákó iná inú ẹ̀rọ náà ti sán. Lọ́jọ́ náà, ìkìlọ̀ nípa àléébù yìí wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lókè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, àwọn awakọ̀ fa bíréékà (bọ́tìnnì tó ń gé iná) àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso rudder, autopilot, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fún awakọ̀, já sílẹ̀, ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́, ó gòkè kọjá bó ti yẹ, títí atẹ́gùn kò fi lè gbé e mọ́. Ènìyàn 162 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ọ̀gá awakọ̀ náà ti rí ẹnjiníà tó fa bíréékà kan náà lórí ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe irú rẹ̀ lójú awakọ̀, ẹ ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ orí ilẹ̀ nìkan ni.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àyẹ̀wò orí ilẹ̀ fi máa ń sọ pé kò sí nǹkan. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 35,000, òtútù ìta máa ń lọ sísàlẹ̀ òdo ní nǹkan bí ìwọ̀n 54 lórí Celsius. Irin àti òjé á súnkì, ibi tó sán á là. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀ sínú ooru, wọ́n á tún fara kanra, iná á sì máa kọjá. Torí ìyẹn ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ yẹ wáyà àti ojú ìsopọ̀ wò fínnífínní kí ẹ tó béèrè páàtì: ṣé omi wọ ibẹ̀, ṣé ìpáàrà ti mú un, ṣé ẹnu rẹ̀ kan tẹ̀? Bí ọkọ̀ bá ní kọ̀ǹpútà méjì tó jọra, tí ìwé àtúnṣe sì gbà yín láyè, ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ fi ti òsì sí ọ̀tún. Bí àléébù bá tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà, òun ló jẹ̀bi. Bó bá dúró síbi tó wà, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ máa lé.

Ẹ fura sí páàtì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn igun tí atẹ́gùn fi ń kọlu ọkọ̀ lára Boeing 737 MAX kan ti Lion Air ní Denpasar, nítorí àléébù tó ti ń padà wá láti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 21 ṣìnà. Nínú ìrìnàjò tó tẹ̀ lé e, ọ̀pá ìdarí ń gbọ̀n títí ọkọ̀ fi dé Jakarta, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò kọ ọ́ sílẹ̀, àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe ní Jakarta bá ohun tó kọ mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 29, ènìyàn 189 kú. Ẹ ṣe àyẹ̀wò tí ìwé ní kí ẹ ṣe lẹ́yìn ìpààrọ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ kà gan-an sílẹ̀ dípò “ó dára”. Ẹ lọ bá awakọ̀ kó tó kúrò ní pápákọ̀: ní ìwọ̀n gíga wo ló ti ṣẹlẹ̀, apá ọ̀tún ni àbí òsì, kí ni nǹkan míràn tó gbọ̀n tàbí tó dún?

Àwọn àléébù kan wà tí òfin gbà kí ọkọ̀ ṣì máa fò pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó pín wọn sí ìsọ̀rí, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe: ọjọ́ 3 fún ìsọ̀rí B, 10 fún C, 120 fún D. Ẹ má ṣe ti àléébù kan nínú ìwé bí ẹni pé ẹ ti tún un ṣe, kí ẹ tún ṣí i ní ọ̀la láti fi ra ọjọ́ kún un.

Bí àtúnṣe bá yege, ẹ fi ọkọ̀ náà sórí àtòkọ àwọn tí à ń ṣọ́ fún ìrìnàjò mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.