Ẹ̀rọ ń bá ọkàn Bàbá ṣiṣẹ́, iṣan ọwọ́ wọn kò lù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá wa dé sí Òmù-Àrán láti Amẹ́ríkà, HeartMate 3, ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi sí wọn lọ́kàn lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì di ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ wọn lápá, àṣìṣe ló ń kọ. Ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, iṣan ò lù. Ará ilé ti ń ké, bẹ́ẹ̀ Bàbá jókòó, wọ́n ń bèèrè omi.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ fún wọn lómi. Ọkàn tiwa ń fún, ó ń dẹ̀. Ìyẹn ló ń mú iṣan lù. Ẹ̀rọ Bàbá kì í dúró, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn gọọrọ. Ìlù iṣan ni ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì ń wá. Bí kò bá rí i, kò ní nǹkan tí yóò kọ.

Ẹ wá Dópílà ti iṣan, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ ìṣàn ẹ̀jẹ̀; èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú oyún kọ́. Kí nọ́ọ̀sì di ìfúnpá aláfọwọ́fún mọ́ apá, kí ó fi jẹ́ẹ̀lì sí kòtò ìgbọ̀nwọ́, kí ó gbé Dópílà lé e títí yóò fi gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń hó ṣìì. Kí ó fún ìfúnpá náà títí ohùn yẹn yóò fi pa rẹ́, kí ó wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí ohùn bá kọ́kọ́ padà ni kí ó kọ sílẹ̀. Láàárín 70 sí 90 la sábà máa ń fẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Àpótí ìbàdí wọn ń kọ 4.6 lítà. Ṣé ohun tí ọkàn wọn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àpótí náà kò wọn ẹ̀jẹ̀. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, eré tó ń sá àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó ló fi ń ṣírò. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá há sínú rẹ̀, yóò jẹ iná púpọ̀, iye náà yóò sì ga nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dínkù gan-an. Kò sì ka èyí tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń tì.

Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn ní Ìlọrin fún síkáànì ọkàn. Kí wọ́n wọn apá ọ̀tún: bí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré gba ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ara ló ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, torí náà ti ẹ̀rọ àti ti ọkàn ló pé síbẹ̀. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan.

Ìbéèrè: Bí agogo ìkìlọ̀ bá dún ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí iye tí àpótí ìbàdí ń kọ bá wálẹ̀ sábẹ́ 2.5 lítà, yóò dún. Àìtó omi lára, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tàbí ìfúnpá tó ga lè fà á. Ẹ fi Dópílà wò wọ́n, ẹ pe àwọn tó fi ẹ̀rọ náà sí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ka iye ti Dópílà àti ti àpótí fún wọn.