Àbúrò, bí o ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ tẹ́tẹ́

Ìsọ̀ tí mo ti ń gẹrun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, fara kan ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Ohun tó ń dè yín mọ́bẹ̀ ju owó lọ. Dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń mú kí ọkàn èèyàn máa fà sí ohun tó ń mú èrè wá, máa ń ru sókè gan-an nígbà tí èrè bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni “ó ku ẹyọ kan”: ní 2009, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge rí i pé bí èèyàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tẹ́tẹ́, apá kan nínú ọpọlọ ń ṣe bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀tàn ni!

Nítorí náà, yọ áàpù tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ kí owó oṣù tó wọlé. Gbé káàdì ATM fún ìyàwó rẹ (yóò pariwo, jẹ́ kó pariwo). Má lé owó tó ti lọ. Bí ọkàn bá ń fà ọ́, rìn lọ sí Sábó, jẹ súyà, á rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH.