Àpò Gọ́ọ̀fù Mi Ló Ṣẹ́ Dráífà Mi

Ihò kẹrin ni mo wà tí dráífà mi, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lọ jìnnà jù, kán. Mo gbá bọ́ọ̀lù, mo gbọ́ "kàù!", orí rẹ̀ fò lọ síwájú, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì lò ó pé ọdún méjì, àlòkù tí mo rà á náà, ₦140,000 ni. Kádì mi, ọmọ tó ń bá mi gbé àpò, ló lọ ṣa orí rẹ̀ wá. Ó yẹ ibi tó ti kán wò, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ibí yìí. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀." Lóòótọ́, ọ̀dà ara ọ̀pá náà ti bó yíká bí òrùka, ní ọ̀gangan ibi tó máa ń fara ti ẹnu àpò. Fọ́nrán dúdú ti yọ síta bí òwú tó tú.

Ọ̀pá dráífà kì í ṣe irin, gráfáìtì ni. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ bí nǹkan líle bá ń ha á lójú kan náà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni yóò ti dá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àpò mi ń gbé. Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, Ọ̀fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo kòtò tí táyà mi bá já sí láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo, orí àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ọ̀pá olórí irin, á gbá ọ̀pá dráífà, àlọ àti àbọ̀. Irin ń nà án, n kò mọ̀.

Mo ra ọ̀pá tuntun sí orí náà ní ₦60,000, mo sì pinnu pé àpò yìí kò ní ba òmíràn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Títo apá òkè kò le rárá. Dráífà àti àwọn wúùdù, àwọn ọ̀pá olórí ńlá tó gùn, lọ sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn èjìká. Áyọ́ọ̀nù wọ àárín. Wẹ́ẹ̀jì tó kúrú, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò, bọ́ síwájú. Pọ́tà, èyí tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, gba àyè tirẹ̀. Mo kà wọ́n, mẹ́rìnlá géérégé ni, iye tí òfin gọ́ọ̀fù gbà nìyẹn. Ẹni tó bá gbé kẹẹ̀ẹ́dógún wọ pápá, ìgbá méjì ni wọ́n ó fi kún tirẹ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju mẹ́rin lọ lápapọ̀.

Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpò náà, mo sì rí i pé aṣọ tó pín ẹnu rẹ̀ sí mẹ́rin kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti ibẹ̀ dé ìdí, kòròfo ni. Gbogbo ìdìmú ló dì mọ́ra wọn níbẹ̀, rọ́bà wọn sì ti ń lẹ̀ nítorí ooru oṣù kẹta nínú ọkọ̀. Bí mo bá fa ọ̀kan, méjì á bá a jáde.

Púlọ́ńbà kan ládùúgbò wa ní kí n ra páìpù PVC onínṣì kan àtààbọ̀, kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Mo rà á, ó gé e sí mẹ́rìnlá. Mẹ́sàn-án wọlé, ìkẹwàá kọ̀. A tì í, a yí i, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ inú rẹ̀ ya. Ìdìmú pọ́tà mi sanra, kò tilẹ̀ gba ẹnu páìpù wọlé. Kádì gbé àpò náà wò, ó gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo yọ mẹ́rin kúrò, ó ku márùn-ún: ti dráífà, ti wúùdù méjì àti ti háíbírìdì méjì, àdàlù wúùdù àti áyọ́ọ̀nù. Owó páìpù mẹ́sàn-án ti wọgbó.

Ọjọ́ kejì, mo yọ dráífà, mo rí ìlà funfun kan lára ọ̀pá tuntun. Ojú ibi tí wọ́n fi ayùn gé lẹ́nu páìpù ló ń ha á! Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo fi sáńpépà ha gbogbo ẹnu páìpù títí ó fi jọ̀lọ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, mo gbé àpò náà lọ bá aránbàtà kan lẹ́bàá Ọjà Ọba pé kó fi awọ ewúrẹ́ bo ẹnu rẹ̀ fún mi.

Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti lọ síbi ìyàwó. Lọ́jọ́ Ajé, awọ kò tíì dé. Lọ́jọ́rú, mo bá àpò mi níbi tí mo gbé e sí, bàtà àwọn ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n ò kúrò níbí lónìí."

"Àlàájà, ẹ má bínú."

Kò ju wákàtí kan lọ tó fi ṣe é tán, èyí tó tún bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi ìda pa òwú, ó fi ìlu lu ihò tó bára mu yípo, ó ká awọ náà bo etí àpò àti ẹnu páìpù márààrún. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ, ẹ kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó dára tó o nínú àwọn àpò tí mo ti rí ní pápá wa.

Bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógójì ni mo kó jáde nínú àwọn àpò ẹ̀gbẹ́. Òfin gba kí ọ̀kan wúwo dé gíráàmù 45.93, ẹ ro ohun tí ọmọ yẹn ti ń gbé kiri. Mo dá mẹ́sàn-án padà sí àpò ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá máa fi páìpù sí tiyín, ẹ gbé àpò náà àti pọ́tà yín dání lọ sí ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má sì ki ọ̀pá kankan bọ páìpù tí sáńpépà kò tíì kan. Mo ti wakọ̀ lọ sí Ọ̀fà nígbà mọ́kànlá láti ìgbà náà. Láàárọ̀ yìí mo fa dráífà jáde, òun nìkan ló jáde, mo gbé e sínú oòrùn, mo yí i wò. Ìlà funfun kan yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò bímọ.