Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Ṣe Àfarawé Wáyà DNA Tó Ń Rántí

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí wáyà kan ṣoṣo ṣe lè rántí iná tó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Yàrá àyẹ̀wò wa kò ní ẹ̀rọ tí a lè fi to átọ̀mù, nítorí náà mo pinnu láti fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ṣe àfarawé rẹ̀ ní Python, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè ṣe é.

Okùn DNA, èyí tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, fẹ̀ tó nánómítà 2, àlàfo àárín béèsì kan (ègé tí a fi to okùn náà) àti èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ nánómítà 0.34, èyí tó fi hàn pé okùn tó ní béèsì méjì-méjì 10,000 kò gùn ju bíi máíkírómítà 3.4 lọ. DNA lásán kì í gbé iná dáadáa. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Saskatchewan ní Kánádà, tí Jeremy Lee wà lára wọn, ló fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé bí a bá fi DNA sínú omi tó ní álíkálì díẹ̀ (òdìkejì ásíìdì), tí síńkì, kóbáàtì tàbí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, irin náà yóò gba ipò háídírójìn láàárín béèsì méjì tó dojú kọra. Àwọn olùwádìí ní Taiwan mú ti níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i pé fóltéèjì lè yí ipò iná orí níkẹ́ẹ̀lì náà padà, tí ìdènà wáyà (bó ṣe ń ṣòro tó fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá) á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Inú ìdènà yẹn ni ìrántí wà.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni Leon Chua, onímọ̀ ẹ̀rọ iná, pè ní memristor nígbà tó fi ìṣirò dábàá rẹ̀ ní 1971. Ọdún 2008 ni àwọn ará HP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, kéde pé àwọ́n ti rí i nínú titanium dioxide. Káàdì alájọ ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ, torí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n: iná tó wọlé láti ọ̀tún ń fi kún un, èyí tó wọlé láti òsì ń yọ kúrò, iye tó ṣẹ́ kù ló sì ń pinnu ìdènà.

Ìṣirò ti HP ni mo lò, nítorí ó rọrùn, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì wà. Mo pe ìpín tó ti yí padà nínú wáyà ní x, láti 0 dé 1. Ìdènà jẹ́ ómù 16,000 (ómù ni a fi ń wọn ìdènà) nígbà tí x bá jẹ́ 0, ó sì jẹ́ ómù 100 nígbà tó bá jẹ́ 1. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á fi ìdènà pín fóltéèjì kí ó lè mọ ìṣàn iná, á fi 10,000 sọ ìṣàn náà di púpọ̀, á tún fi àkókò ìgbésẹ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀, á wá fi èsì rẹ̀ kún x. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó máa kọ èsì sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀, nítorí bátìrì mi ti gbó, bí iná bá sì ti lọ, ohun tó wà nínú RAM, ìrántí onígbà díẹ̀ ti kọ̀ǹpútà, ti dàwátì. Àìsàn tí irú wáyà yìí fẹ́ wò gan-an nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti x 0.1, ìyẹn ómù 14,410. Nígbà tí mo fi fóltì 1 onígbì sí i, tí ìgbì náà ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdènà sọ̀ kalẹ̀ dé bíi 10,316 kó tó padà sókè, gíráàfù ìṣàn iná sí fóltéèjì sì di ọ̀bìrí méjì tó pàdé ní òdo. Nígbà tí mo mú kí ìgbì yára ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìdènà kò sọ̀ ju 14,054 lọ. Ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, 14,375 ni, ọ̀bìrí náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà títọ́. Àmì yìí ni a fi ń dá memristor mọ̀, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ nǹkan sínú rẹ̀. Fóltì 1 tí kò yí padà fún ìṣẹ́jú àáyá 0.2 gbé ìdènà dé 12,002, 0.4 gbé e dé 8,969, 0.6 gbé e dé 4,105. Pẹ̀lú ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ipò mẹ́rin nìyẹn, tó túmọ̀ sí bíìtì méjì nínú wáyà kan. Bí a bá sì fi fóltì 1 ránṣẹ́ láti òdìkejì fún àkókò kan náà, á padà sí 14,410.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wá béèrè pé, “Ẹ̀yin sà, ṣé kíkà á ò ní máa bà á jẹ́?” Ìbéèrè tó mú ọgbọ́n dání ni. Mo fi fóltì 0.1 kà á fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, láti ipò 8,969: ìdènà dín ní bíi ómù 1.8 péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí dé ìgbà ẹgbẹ̀rún, ó ti bọ́ sí bíi 6,975, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tí a kọ síbẹ̀ mọ́. Àtúnṣe tí mo fi sí i ni pé lẹ́yìn kíkà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á fi fóltì 0.1 ránṣẹ́ láti òdìkejì fún àkókò kan náà, ìdènà á sì padà sí 8,969 kí a tó tún kà á.