Bí mo ṣe fi ọkà bàbà pọn bíà

Owó ọkà bálì ló lé mi dé ìdí ọkà bàbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, iye tuntun ni ẹni tó ń tà á fún mi ń pè nígbà gbogbo. Ó gba owó tán, ó tún ní kí n fi kún un kí ẹrù tó kúrò ní Àpápá. Inú bí mi gidi. Ṣebí ìjọba ológun fòfin de kíkó bálì wọlé ní 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ọkà bàbà pọn bíà, tí gbogbo wa sì mu ún?

Rírẹ ọkà, mímú un hù, sísá a, lílọ̀ ọ́: ẹni tó bá ti rí ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìyẹn.

Inú omi gbígbóná ni wàhálà wà. Mo pò ó ní 65°C bí wọ́n ṣe ń ṣe bálì. Mo dúró títí, kò dùn, ó kàn funfun bí omi ògì ni. Sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó ju 70°C lọ kó tó là, ooru yẹn náà ló sì ń pa èròjà tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ rèé: mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo rọra da omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀, torí inú rẹ̀ ni èròjà yẹn wà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni mo sè títí ó fi ki. Nígbà tó tutù dé 65°C, mo da omi àkọ́kọ́ padà lé e. Ó ṣàn, ó sì dùn! Mo pariwo nínú ilé.

Àfi sísẹ́. Èèpo bálì ló ń bá a ṣe asẹ́. Ọkà bàbà ò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀, ńṣe ló lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́, tí omi ń kán tó, tó, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó ta asẹ́ fún mi mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó gba owó gọbọi, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí. Èèpo ìrẹsì ló yọ mí. Níbi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì Ọ̀fàdà, wọ́n ń dáná sun ún ni. Mo fọ̀ ọ́, mo sè é, mo pò ó mọ́ ọn, omi sì ń ṣàn geere.

Ẹ wá èèpo ìrẹsì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí asẹ́. Ẹ ra tẹmọ́mítà gidi. Ẹ má da omi àkọ́kọ́ nù.

Ìkorò ló kù báyìí. Òkè òkun ni hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, ṣì ti ń wá, mo ti ń fi orógbó dín in kù. Ẹni tó bá ti fi ewúro ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún mi.